Ìpè Kẹta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà dúdú kun orúkọ ara òkúta ìrántí àwọn tó kú sógun. Igba orúkọ ó lé méjì. Ọdọọdún lòjò ń fọ̀ ọ́, ọdọọdún ni mò ń tún un kùn. Sájẹ́ntì — ológun fẹ̀yìntì tó máa ń ka orúkọ lọ́jọ́ ìrántí — wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ó ní ọdún méje ti pé tí ẹ̀gbọ́n mi ti sọnù sójú ogun, kí n gbẹ́ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Jagun, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje
Mo sọ fún Màámi. Wọn ò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ń ká aṣọ tó gbẹ lọ. Wọ́n ní ṣé mo rí òkú rẹ̀ ni? Mo ní rárá.

"Ó dáa, kí wọ́n pè é. Bí ẹ̀ẹ̀mẹta bá pé tí kò dáhùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ ò gbọdọ̀ bá a dáhùn o."

Àṣà ibí nìyẹn: wọ́n á pe òkú ogun, ẹbí rẹ̀ á dáhùn pé, "Ó ti sinmi." Bí ẹbí bá dákẹ́, wọ́n á pè é dé ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó kọjá.

Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ọdún méje ni Màámi ti ń bu oúnjẹ Jagun sọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí Jagun dákẹ́, kí Màámi lè sunkún tán.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Tíṣà òdìkejì ilé wa ka ohun tó kọ fún kíláàsì rẹ̀ fún wa, nípa bí àwọn ilẹ̀ mìíràn ṣe ń rántí òkú ogun. Nílẹ̀ kan, fèrè á dún, ọkọ̀ á dúró sójú títì, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Níbòmíì, òdòdó pupa láyà. Níbòmíì, ìṣẹ́jú méjì ìdákẹ́jẹ́.

Màámi ní, "Àwọn yẹn gbọ́n. Wọ́n ń dákẹ́ fún òkú. Àwa là ń pè é."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Mo parí orúkọ Jagun. Bí mo ṣe fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò, mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Sàà!" Bí Jagun ṣe máa ń dá Màámi lóhùn bíi sójà láti kékeré nìyẹn, kó tó tilẹ̀ di sójà. Mo yíjú. Kò séèyàn. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá
Ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá
Ìrántí. Sájẹ́ntì pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Mo di eyín pọ̀. Ìpè kejì. Màámi di ọwọ́ mi mú. Mò ń bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn — Jagun, jọ̀ọ́, dákẹ́. Ìpè kẹta.

"Sàà!"

Ohùn rẹ̀ ni, tó nípọn, tó há díẹ̀. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Sájẹ́ntì ní kí n má fi òkú ṣeré. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò la ẹnu! Màámi ò wo ẹ̀yìn rárá. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ọdún méje, abọ́ mẹ́ta ló máa ń wà lórí tábìlì láàárọ̀: ti Màámi, tèmi, ti Jagun. Lónìí, abọ́ méjì. Mo rò pé wọ́n ti gbà. Omi lé sí mi lójú, inú mi dùn.

Ìgbà tí mo jókòó ni mo rí i pé abọ́ tèmi ni ò sí.

Màámi pè láti ilé ìdáná: "Jagun!"

Mo ti dáhùn kí n tó mọ̀.