Ọjọ́ Tí Lọ́yà Lé Mi Jáde Nínú Yàrá Bàbá Mi

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí bàtà? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí mi ò gbé ìpè rẹ láti bí oṣù méjì ni mò ń béèrè orúnkún. Má fa lẹ́tà yìí ya. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni, mo sì wá dúpẹ́.

O rántí pé ìwọ lo ní kí n gbé ìwé ìhágún Bàbá mi lọ fún lọ́yà tó bá ọ yanjú ọ̀rọ̀ onílé. Mo lọ. Ọ́fíìsì òkè ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn, àga ibẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, gbogbo ẹjọ́ ayé ló sì wà níbẹ̀. Tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún àti lósì, èmi wà láàárín bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ pín.

Bàbá ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé èmi ni mo ni yàrá iwájú tí mo ti ń ránṣọ, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ta ilé náà pátá bí àwọn bá ti dágbére fáyé. Ìwọ náà mọ̀ mí: káàdì ọsìbítù, ìwé iná, ìwé omi, èmi ni mò ń fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ní àwọn nílò ẹlẹ́rìí méjì, mo ti gbé bírò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Bíríkìlà tó múlé tì wá ni ẹnì kejì.

Lọ́yà wo ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ṣe ẹlẹ́rìí yìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tilẹ̀ ń yangàn. Ó ní ẹni tí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bí Bàbá bá lọ báyìí, yàrá náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Àṣé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ti ara mi síta!

Lọ́jọ́ kejì, òun àti akọ̀wé rẹ̀ wá sílé láti kọ tuntun. Ó kí Bàbá lórí ibùsùn, ó pe bíríkìlà wọlé láti bá akọ̀wé ṣe ẹlẹ́rìí, ó wá ní kí èmi bọ́ síta. Bóyá ó ṣàlàyé, etí mi ti di. Mo jókòó sórí garawa ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo sì pè ọ́, mo ní o ti tà mí fún olè. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀. Èmi da odidi agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni Bàbá kú. O wá síbi ìsìnkú, mi ò wò ọ́ lójú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́ wá, ó ń nàka sí orúkọ mi níbi tí mo ti ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́yà yọ tuntun jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo kọ́ Bàbá lóhun tí wọ́n sọ. Bíríkìlà dìde, sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

“Ìta ló wà. Gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe ń kùn.”

Ẹ̀gbọ́n mi ká ẹ̀dà rẹ̀ padà sápò. Yàrá iwájú di tèmi. Ọ̀rẹ́ mi, bí kì í bá ṣe ìwọ, ibo ni ǹ bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí? O ṣeun, o ṣeun, o kú àforítì mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà lọ́jọ́ náà ni bíríkìlà sọ ohun tí mi ò béèrè. Ó ní títí wọ́n fi kọ ìwé náà tán, ojú Bàbá ò kúrò lára ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ti fọwọ́ sí i báyìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ tètè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi.” Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn yẹn bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú ni mò ń bọ̀ nílé yín. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, jọ̀ọ́, ṣí i fún mi.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀,
Aránṣọ Alágídí.