Fọ́tò Tí Mo Fún Àwọn Ayàwòrán

Bàbá Faridah,

Ẹ má pariwo tí ẹ bá jáde. Àwọn ayàwòrán tó ń gbé ní họ́ọ̀lù àdúgbò láti oṣù tó kọjá ti yà yín sára fẹ́ǹsì wa, ẹ̀yin àti Bàbá Olúrántí ti ilé kejì, ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo fún wọn ní fọ́tò. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú èyí tí baálé ti ń rẹ́rìn-ín wá. Mo tú gbogbo álíbọ́ọ̀mù, ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Faridah nìkan ni mo rí, èyí tí wọ́n yà kí ìjà gọ́tà láàárín ẹ̀yin méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè gé e sí méjì. Ọwọ́ Bàbá Olúrántí wà léjìká yín.

Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọ̀dà funfun tó wà lẹ́yìn ilé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ yín.

Ẹ̀wà wà nínú kúlà. Mo ti lọ sí Ojota.

Bàbá Olúrántí wá wo àwòrán náà láàárọ̀. Wọ́n dúró títí. Wọ́n ní, “Ìyá Faridah, ṣé ó ṣì máa ń rẹ́rìn-ín báyìí?”

Mo ní kí wọ́n wá bi yín fúnra wọn. Wọ́n ń bọ̀ láago mẹ́rin. Ẹ wẹ̀, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù.