Àtẹ̀jíṣẹ́ Yín Tí Kóòtù Fẹ́ Gbọ́

Àǹtí mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín, ti ń le. Ẹnu wọn nìkan ni kò tíì gba ìsinmi tí dókítà pàṣẹ.

Bébà ni mo fi kọ èyí, torí fóònù ló tú wa láṣìírí. Ẹ rántí pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ Sìsítà mi gba fóònù rẹ̀, ó sì kà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Bíbélì ọ̀gá náà kò rí irú ìfọkànsìn bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwa tó ń lo fóònù ti san owó lọ́yà fún ẹjọ́ tí Sìsítà pe ọ̀gá náà, kí ìdájọ́ rẹ̀ lè dáàbò bo gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ̀rí ló kù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá náà kà sókè lọ́fíìsì ni tiyín, èyí tí ẹ fi sọ nípa àìsàn yín, tí ẹ ní kò gbọdọ̀ dé etí Bàbá. Wọn yóò kà á sókè ní kóòtù, Bàbá kì í sì í pa kóòtù jẹ. Iwájú ni wọ́n ń jókòó.

Sìsítà ní, "Wọ́n ti tú àṣírí Àǹtí lẹ́ẹ̀kan láìgba àyè. Mi ò ní tú u lẹ́ẹ̀kejì." Kò fẹ́ kí n bi yín. Mo ń bi yín.

Bí ẹ bá kọ̀, yóò jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Bí ẹ bá gbà, ẹ fọwọ́ sí ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe Bàbá. Ọlọ́run á wò yín sàn pátápátá.

Pẹ́ńsùlù ni mo fi fàlà síbi tí ẹ ó fọwọ́ sí. Ó ṣeé pa rẹ́.

Ọmọ yín.