Ẹ̀rọ Tó Ń Sùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmù

Bàbá mi àtàtà,

Ní àràárọ̀, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi, mo máa ń gbé korobá mi dání, n ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, n ó sì fetí sílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ń jáde ni akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá iwájú. Sílípáàsì rẹ̀ máa ń gbá a ní gìgísẹ̀ bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ̀dá kan tó ń fi imú kọrin. Ẹni ìkẹyìn ni ọmọbìnrin kan tí kì í yí kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wúkọ́. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé gbogbo wọn ti gbé omi wọlé, n ó rọra ṣílẹ̀kùn. Omi á ti kán sílẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi títí dé ẹnu ọ̀nà kálukú. N ó máa tẹ ojú ẹsẹ̀ tútù wọn lọ, n ó gbé korobá mi sábẹ́ ẹ̀rọ, n ó sì dúró ti omi tó ti tín-ínrín bí òwú.

Mi ò kórìíra wọn o. Ìbéèrè ni mo ń sá fún. Bí wọ́n bá kí mi tán, wọ́n á bi mí pé ọmọ ibo ni mí, n ó ní Ìkìrun. Wọ́n á wá ní bàbá mi ńkọ́. Lẹ́ẹ̀kan, mo dáhùn pé ẹ wà, pé ẹ ń ránṣọ. Mo wọlé, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú korobá omi lẹ́sẹ̀ mi, mi ò lè wẹ̀.

Mo ń kọ̀wé yìí nítorí pé ní ọ̀la, mo ní láti dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn tó ń bọ̀ láti Èkó. Bí mo bá sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kí n pàdánù àwọn ọ̀rẹ́ méjì péré tí mo ní ní Ìlíṣàn yìí. Bí mo bá sì dákẹ́, n ó máa bá wọn rìn lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ irú ẹni tí n ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ máa ń gbọ́ mi pẹ̀lú píìnì tó há sí yín lẹ́nu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun kan ti dé, 5G ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ẹ mọ̀, èèyàn ló ń fi bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èyí tuntun yìí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àìmọye ẹ̀rọ kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má dàrú. Àwọn olùdókòwò wá ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ohun tí a lè fi ṣe. Wọ́n á fi owó sínú iṣẹ́ tí kò tíì jèrè, wọ́n á gba ìpín nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa retí. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé. Ó ní ẹni tó ń ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ kọ́ ló máa jèrè jù, bí kò ṣe ẹni tó mọ ohun tí yóò gba orí òpó náà kọjá. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi ń rántí ohun tí ẹ máa ń bi àwọn oníbàárà tó bá mú sítáì tuntun wá: ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́, ibo ló sì ń wọ̀ ọ́ lọ?

Ọjọ́ yẹn ni Démọ́lá, ọmọ kíláàsì mi, yíjú sí mi.

"Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí, kí lo ń rò?"

Mo ní mò ń ro ẹni tó máa lò ó. Ó kọ hàà, ó ké sí Rónkẹ́ tó jókòó lẹ́yìn wa: "Rónkẹ́, wá wò ó! Ó lẹ́nu o!"

Láti ìgbà náà ni mo ti di ara wọn. Rónkẹ́ ló ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, Démọ́lá ló ń wá àwọn olówó kiri. Bí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á pe orúkọ mi sókè. Bàbá mi, ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe èèyàn tí orúkọ rẹ̀ bá ti pẹ́ kí ó tó tún dún létí rẹ̀? Tí Rónkẹ́ bá se indómì, ó máa ń na fọ́ọ̀kì sí mi láìbi mí bóyá mo fẹ́ jẹ.

Orí obì ni a gbé iṣẹ́ wa lé. Alhaja kan wà ní Ofin, ní Ṣàgámù, tó ní ìsọ̀ obì. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó obì sí, wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi bò ó. Bí ooru bá mú un, á jẹrà. Bí atẹ́gùn bá wọ̀ ọ́, á gbẹ. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe máa ń tú apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì pààrọ̀ ewé. A wá ṣe ẹ̀rọ kékeré bíi páálí ìṣáná, tó lè wà láàárín obì, kí ó máa fi ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù.

Èmi ni wọ́n rán sí Alhaja. Démọ́lá ní, "Ìwọ lo mọ ìkúnlẹ̀." Mo kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. Alhaja bi mí pé ta ló bí mi. Mo sọ orúkọ yín, mo sì sọ pé ẹ ti fi ayé sílẹ̀.

"Kó ẹ̀rọ ẹ wá," ló wí. "Fà á lé Ìyá Múrí lọ́wọ́."

Ìyá Múrí ni àgbà àwọn obìnrin tó ń ṣa obì. Nígbà tí àwa mẹ́ta kó ẹ̀rọ lọ, ìṣojú wa ló ti ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò lọ síbẹ̀ mọ́. Kí la tún fẹ́ lọ ṣe, nígbà tí ìròyìn ń wọlé wá bá wa ní Ìlíṣàn? Ìlà tó ń fi ooru apẹ̀rẹ̀ hàn lórí fóònù tọ́ bí ojú rírán. Démọ́lá ń jó: "Obì yìí ò mọ ooru o! Ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n kówó wá!" Èmi rí i pé ìlà gbogbo apẹ̀rẹ̀ jọra jù. Mo rò ó, mo sì gbé e mì.

Àná ni wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà nínú obì, kí àwọn olùdókòwò tó ń bọ̀ láti Èkó lè rí i. Mo bá àwọn obìnrin náà ní ìjókòó, ewé tútù kún ẹsẹ̀ wọn. Mo bẹ Ìyá Múrí pé kí ó tú apẹ̀rẹ̀ kan fún mi.

"Kí lo fẹ́ wò nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ wa ni, Mà."

"Ẹ̀rọ wo nínú apẹ̀rẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé a máa kó dúkìá àlejò mọ́ ọjà títà ni? Bí Alájì Kánò bá ra apẹ̀rẹ̀ lọ ńkọ́? Ṣé wàá lọ bá a ní Kánò?"

"Alájì á fẹ́ ẹ síbẹ̀ ni!" ni obìnrin kan wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀.

Ìyá Múrí mú mi lọ sí kọ̀rọ̀ ìsọ̀, níbi tí àmù omi wà. Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí i. Gbogbo ẹ̀rọ wa ló wà níbẹ̀, ó fi ewé we ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tú apẹ̀rẹ̀ ló ti kó wọn síbẹ̀ kí wọ́n má baà sọnù.

"Bí a bá ti ń pààrọ̀ ewé obì," ló wí, "là ń pààrọ̀ tiwọn náà. Wò ó, ṣé ó yọ ọ́ lẹ́nu?"

Mo ní kò yọ mí lẹ́nu. Mo dúpẹ́. Nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀, mo wo fóònù mi, ìlà náà ṣì tọ́. Ẹ̀gbẹ́ àmù, níbi tí ooru kì í dé, ló ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe inú obì.

Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo ro títí mo fi dé ilé. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni ẹ máa ń gun orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé yín, ẹ ó pè mí, ẹ ó bi mí ohun tí mo jẹ. Mo máa ń gbọ́ atẹ́gùn nínú fóònù, n ó gbọ́ ẹ̀rín yín, n ó sì sọ fún ara mi pé Bàbá ń bẹ dáadáa. Nígbà tí mo délé nígbẹ̀yìn, ṣòkòtò yín ti ń já bọ́ ní ìdí yín. Ohùn yín kò rù. Báwo lẹ ṣe ń gun àpáta yẹn? Ta ló ń dì yín mú tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀? Kí ló dé tí mi ò fi wálé wò yín?

Àná kan náà ni mo sọ fún Démọ́lá àti Rónkẹ́. Démọ́lá kọ́kọ́ fọwọ́ bojú, lẹ́yìn náà ó ní, "Gbọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́? Ẹ̀rọ ránṣẹ́, àbí kò ránṣẹ́? Àwọn èèyàn yẹn ò ní bọ́ bàtà kí wọ́n lọ tú apẹ̀rẹ̀ obì."

"Jẹ́ ká gba owó ná," ni Rónkẹ́ wí. Kò wò mí lójú. "A máa tún un ṣe tó bá yá."

"Bí o bá sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́," ni Démọ́lá tún wí, "sọ pé àwọn ìyá yẹn ló ba iṣẹ́ jẹ́. Wọn ò kàwé, ó tán."

Mo ní wọn ò ba nǹkan kan jẹ́, àwa la ò sọ fún wọn pé kí ẹ̀rọ máa gbé inú obì. Ohùn mi kéré débi pé Démọ́lá ní, "Kí lo wí?" Mi ò lè tún un sọ. Mo gbé báàgì mi. Òní, kò sẹ́ni tó pè mí.

Ẹ̀yin kì í gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ láìyí inú rẹ̀ síta. Mo rántí ọmọṣẹ́ kan tó bínú, tó sì lọ. Ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tó lọ, tí ẹ ń gbọ́ bí ojú pópó ṣe ń dún? Ẹ ò sọ fún wa rí.

Lọ́la, n ó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí ẹ rán fún mi. N ó bẹ Démọ́lá pé kí ó má tíì fi ìlà yẹn han ẹnikẹ́ni. N ó dìde, n ó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ wa ò tíì mọ nǹkan kan nípa obì, pé ohun tó mọ̀ kò ju bí àwọn obìnrin Ofin ṣe ń tọ́jú ohun tí ẹlòmíràn fi síkàáwọ́ wọn. Bí ohùn mi bá kéré, n ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà, bóyá ẹnì kan bá mi lọ tàbí kò bá mi lọ, n ó wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, n ó jókòó ti Ìyá Múrí títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ ewé gbogbo apẹ̀rẹ̀, n ó sì ki ọwọ́ mi bọ àárín obì, kí n mọ bí ooru rẹ̀ ṣe ń rí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí àárò yín ń sọ.