Sàárà Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ìyá mi,

Mo kí yín láti Kùwéètì. Ara mi dá ṣáṣá, iṣẹ́ ilé tí mo ń ṣe kò wúwo rárá, ọ̀gá mi obìnrin sì fẹ́ràn mi.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Àwáwù àbúrò mi ló sọ fún mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín ní Tẹ̀dé, ẹ ń pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní àsàlátù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní orí ń fọ́ òun, ẹ ó yọ méjì fún un, ẹ ní sàárà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi oògùn ṣe sàárà? Ẹ fún wọn ní àkàrà!

Ẹ̀yin fúnra yín, ìgbà tí òòyì bá ń kọ́ yín nìkan lẹ ń lò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé o. Dókítà ní ojoojúmọ́ ni, ara le, ara ò le. Iyọ̀ tí ẹ ń bù sọ́bẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ ní ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ò tó, ọbẹ̀ aláìsàn ni. Kí wá lẹ̀yin jẹ́?

Mi ò fẹ́ bá yín jà. Ẹ bá mi kí Àwáwù. Ẹ kí àwọn ìyá àsàlátù, kí kálukú wọn lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ní ọsibítù.

Oògùn tó ń bọ̀ lóṣù yìí ò ní pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má rò ó sí nǹkan kan. Mo kàn yọ díẹ̀ níbẹ̀ ni, nítorí orí tó ń fọ́ mi.

Ọmọ yín,
Màríámù