Fọ́tò Ìbejì Tí O Fẹ́ Gbé Kọ́ sí Peckham

Kẹ́hìndé Bàrákàt, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo kí ọ kú ìdúró inú ọkọ̀ ojú irin tí o ní ẹ kì í ríbi jókòó nínú rẹ̀ láràárọ̀. Ọlọ́run tí kì í sùn á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà Rye Lane, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀ lórí yìnyín. Bá mi kí Aunty Adépéjú tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí lórí fóònù tí a fi ń ríra, mo gbé omi tútù síwájú wọn, wọn ò mu ún, ṣùgbọ́n mi ò bínú, mo mọ̀ pé òtútù ń mú wọn.

Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, òjò sì ti gbé ìdajì páànù ilé ìdáná lọ. Mo sọ fún Alàgbà Reuben onífọ́tò pé ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò, pé ìdí tí èèyàn fi ń yà á ni. Háà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ogójì ọdún lòun fi ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi òun ní ìdí, èló ni wọ́n ń bi òun. Mo gbè ọ́ lẹ́yìn o. Mo ní bóyá tí wọ́n bá kọ́ èèyàn ní ìdí tó fi ń jẹun, oúnjẹ náà á túbọ̀ ṣara lóore.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Nasir ọmọ àbúrò mi, èyí tó ń ṣe tíṣà, ló kà á fún mi. Ó ní ẹ fẹ́ gbé fọ́tò ìwọ àti Táyé, èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ wa, kọ́ sínú gbọ̀ngàn kan ní Peckham, pé gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí ẹnì kan ò bá sí, kí òbí rẹ̀ bá a fọwọ́ sí i. Wọ́n tún béèrè àdírẹ́sì Táyé. Mo ní kí Nasir kọ ọ́ pé ó rìnrìn àjò, torí a kì í sọ pé ìbejì kú. Nasir ní òyìnbó á bi wá pé ìlú wo. Mo ní kó kọ ọ́ pé wọn ò tíì fún wa ní àdírẹ́sì.

Ibi tí mo ti máa fọwọ́ sí i ni ọwọ́ mi ti dúró, ó di ọ̀sẹ̀ méjì lónìí. O ní olùkọ́ rẹ sọ pé ohunkóhun téèyàn bá rí nínú fọ́tò, ó ti jókòó síwájú ẹ̀rọ fọ́tò rí dandan, pé ohun tí ìwọ náà máa dìde sọ níwájú gbogbo olùkọ́ yín nìyẹn, pé ẹ wo Táyé, ó jókòó síbẹ̀ rí. Kẹ́hìndé, olùkọ́ rẹ ò mọ Alàgbà Reuben.

Jókòó kó o tó ka èyí. O ní èèyàn lè fi ìka méjì fẹ fọ́tò lójú lórí fóònù. Fẹ orúnkún àwọn ọmọ méjèèjì wò. Àpá kan náà ló wà níbẹ̀, àpá ibi tó o ti ṣubú lẹ́nu kànga. Táyé ò ṣubú níbẹ̀ rí. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ibà fi mú un lọ, a ò sì tíì yà á ní fọ́tò kankan, à ń sọ pé ó di Iléyá. Iléyá dé, mo gbé ìwọ nìkan pọ̀n lọ, pẹ̀lú aṣọ méjèèjì tí mo ti rán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà fún ìyá ìbejì tí ọ̀kan bá ti rìnrìn àjò nìyẹn. Alàgbà Reuben gbé ọ sápá òsì bẹ́ǹṣì, ó yà ọ́, mo bọ́ aṣọ rẹ, mo wọ ti Táyé sí ọ lọ́rùn, ó gbé ọ sápá ọ̀tún, ó tún yà ọ́, ó wá lọ pa fọ́tò méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ aṣọ kejì yẹn, o kọ̀, o ń sunkún. Èmi náà sunkún.

Nígbà tó o dàgbà, tó ò ń nawọ́ sí i pé Táyé nìyí, ẹnu mi ò gbà á kí n sọ pé rárá. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí kó o má bínú sí mi, kó o má sì lọ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, kí ojú tì ọ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Mo ti wá bá Táyé fọwọ́ sí tirẹ̀ lónìí. Tìẹ ń dúró dè ọ́, bí o bá ṣì fẹ́.

Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ìdí tí èèyàn fi ń ya fọ́tò, mi ò mọ ti àwọn yòókù o. Ní tèmi, mo fẹ́ rí Táyé, ojú rẹ nìkan ló sì kù tí mo lè fi rí i.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún páànù ilé ìdáná. Ọlọ́run á jẹ́ kó o ka ìwé tó o lọ kà yìí já, o ò ní ṣìnà, o ò ní ṣòfò, wàá fi ọwọ́ ara rẹ tọ́jú mi. Kó o sì lọ ya fọ́tò tuntun, kó o rẹ́rìn-ín dáadáa, má fi í sínú fóònù, orí bébà ni mo fẹ́. Ẹ̀dà méjì ni kó o fi ránṣẹ́, torí Táyé náà ti dàgbà.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì