Ìdí Tí Ìkòkò Ìyá Bernice Fi Dákẹ́

Ilé Àǹtí Fọláyan,
Festac Town, Amuwo-Odofin,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 1978.

Bọ̀dá Akíntúndé mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara tèmi yá.

Nínú lẹ́tà tó kọjá, mo ní mo fẹ́ kó ẹrù mi wálé, kí ẹ wá mú mi. Olùkọ́ wa, Dókítà Àyàntúndé, ti ní iṣẹ́ ìwádìí mi tako ara rẹ̀, pé bí n kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ níwájú kíláàsì, àwọn kò ní gbà á. Ẹ sì mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Bí kòkòrò tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín tí ara wa pín sí, sẹ́ẹ̀lì náà a tú oje kan síta tó ń jẹ́ intafẹróònù. Oje yìí ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí lólobó kí wọ́n lè gbára dì. Nínú iṣẹ́ ìwádìí mi, mo rí oje náà lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè, fáírọ́ọ̀sì ṣì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n oje tuntun kò jáde mọ́. "Ẹ̀bùnlọlá, èwo ni ká gbà gbọ́ níbẹ̀?" ni Dókítà wí. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí n pa ti ọjọ́ kejì rẹ́.

Ìyá Bernice, aládùúgbò wa, ló yọ mí. Ilé wọn ló sún mọ́ irà jù ní ìlà ilé wa. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni omi ń kọ́kọ́ wọ̀, wọn a sì máa fi ṣíbí lu ìkòkò kí àwa yòókù lè gbé àpò ìrẹsì wa kúrò nílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n lù ú, wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí omi ṣì wà nílé wọn. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ ni? Bí mo bá lù ú dọ̀la, ariwo náà á wá ṣe yín léṣe ju omi lọ."

Mo wá rò ó pé bí sẹ́ẹ̀lì bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ dákẹ́, ó ní láti ní ohun tó fi ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi oògùn kan dí i lọ́wọ́ kó má lè ṣe ohun náà. Bọ̀dá, lọ́jọ́ kejì, oje ṣì ń jáde ṣáá ni.

Ní Ọjọ́rú, mo dìde sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Dókítà yẹ ìwé mi wò títí, wọ́n ní, "N kò ronú kan ibẹ̀ rí. Má pa ohunkóhun rẹ́." Wọ́n gbà á.

Ẹ má wá mú mi mọ́. Mo ti tú ẹrù mi.

Kí Olúwa máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, kí ẹ máa lọ ire, kí ẹ máa bọ̀ ire.

Èmi ni àbúrò yín,
Ẹ̀bùnlọlá.

Àfikún: Òjò tún rọ̀ lánàá. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìkòkò, mo sì lọ ń kan ilẹ̀kùn kiri. Gbogbo ìlà wa ti mọ orúkọ mi báyìí.